Irun Oníwàásù Holroyd

"Ta ni yóò yọ ẹ̀yìn ohun ọ̀ṣọ́ kúrò, tí yóò wá tọ́jú ojú rẹ̀ fún ohun tó lé ní àádọ́jọ ọdún?"

Clifford Lumb ló béèrè. Ó há awò kékeré àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà mọ́ ojú ọ̀tún, ó dorí kodò sórí ohun tó wà lórí aṣọ dúdú níwájú rẹ̀, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Lorna Sugden jókòó kọjú sí i. Doreen Crowther ń da tíì sínú ife létí fèrèsé. Òjò ń lu òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ohun tó wà lórí aṣọ náà kò ju ẹyin ẹyẹlé tí a là sí méjì lọ. Ọ̀ṣọ́ àyà ni, irú èyí tí àwọn obìnrin ayé àtijọ́ máa ń fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ gún mọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Irun ènìyàn ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ́ sábẹ́ gíláàsì rẹ̀. Wọ́n ká a bí ìyẹ́ ẹyẹ méjì tó forí kora, wọ́n sì fi fọ́nrán wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ dì í nídìí. Ọ̀dà táńganran funfun yí gíláàsì náà ká. Ojú rẹ̀ dùn ún wò. Ṣùgbọ́n bí a bá dà á dojú dé, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ àfi ihò, àti bébà líle kan tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ibi tó yẹ kí wọ́n fín orúkọ olóògbé sí gan-an ni ẹnìkan ti ṣí lọ.

"Kò bọ́ fúnra rẹ̀," Lumb wí. "Ẹ wo etí rẹ̀. Ẹni tó yọ ọ́ fi ọ̀bẹ kékeré tú u yípo, kò sì ha á níbì kankan. Olè kì í ní irú sùúrù báyìí."

"Ọ̀gbẹ́ni Lumb," Lorna wí, "ṣé tirẹ̀ ni àbí tirẹ̀ kọ́?"

Ní gbogbo àfonífojì Cragden, bí ènìyàn bá ní "tirẹ̀" láìdárúkọ, Jabez Holroyd ni. Òun ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n jókòó sí yìí. Òun náà ló dojú kọ àwọn tó ni ilé ìhunṣọ, títí wọ́n fi gbà kí àwọn ọmọdé máa sùn lóru dípò kí wọ́n máa dúró ti ẹ̀rọ. Kò fẹ́ ìyàwó, kò bímọ. Nígbà tí àrùn onígbáméjì pa á ní ọdún 1849, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Wọ́n ní àwọn obìnrin ìjọ gé irun orí rẹ̀ kí wọ́n tó kan pósí rẹ̀ pa, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fi irun òkú ṣe ọnà ní Halifax. Ní báyìí tó jẹ́ pé ènìyàn méje péré ló ṣẹ́ kù tó ń jọ́sìn lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ti sọ apá kan ṣọ́ọ̀ṣì náà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníwàásù. Wọ́n kéde pé kí ẹni tó bá ní irun rẹ̀ nílé mú un wá. Mọ́kànlá ló dé.

"Dúdú, pupa, ewú, ọ̀kan tún lọ́ wínníwínní," Doreen wí, ó gbé ife kan síwájú Lorna. "Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ tirẹ̀, a jẹ́ pé ọdọọdún ni wọ́n ń rẹ́ irun Oníwàásù bíi ti àgùntàn."

"Tìrẹ náà wà níbẹ̀, Doreen," Lumb wí.

"Tèmi kì í ṣe irun àgùntàn."

"Rárá. Ìrù ẹṣin ni."

Doreen gbé ife tirẹ̀ kalẹ̀ fún un, tíì díẹ̀ sì ta sílẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí Lumb ti sọ fún un pé àwọn oníṣẹ́ ọnà ìgbà náà máa ń da irun òkú nù bó bá kúrú, tí wọ́n á fi ìrù ẹṣin dípò, Doreen kò fi ṣúgà sí tíì rẹ̀ mọ́. Lumb kò sì béèrè. Ogójì ọdún ló fi tún ohun ọ̀ṣọ́ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Halifax kó tó fẹ̀yìntì. Ó ti mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá já ìrètí rẹ̀ kulẹ̀ gbọ́dọ̀ rí nǹkan kékeré fi gbẹ̀san.

"Ẹ gbọ́, Lorna," ó wí. "Ọ̀dà dúdú ló yí mẹ́wàá yòókù ká. Dúdú ni ti ẹni tó ti ṣe ìgbéyàwó. Funfun ni ti ẹni tí kò ṣe é rí. Kò sí oníṣẹ́ ọnà Halifax kan tí í ṣi èyí ṣe nígbà náà. Bó bá ṣì í ṣe, àwọn olóòkú á sọ ọ́ lu òun fúnra rẹ̀ ni. Oníwàásù ò gbéyàwó. Tiyín nìkan ló funfun."

Nǹkan kan ṣí nínú àyà Lorna, bíi fèrèsé tó ti há látọjọ́ pípẹ́. "A jẹ́ pé tirẹ̀ ni."

"Tàbí ti ọmọdé. Ọmọdé náà ò gbéyàwó." Lumb yọ awò náà lójú, ó fi fún un. "Ẹ wo irun yẹn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán. Irun arúgbó tó ti ń tán lórí máa ń rí bẹ́ẹ̀. Irun ọmọ ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, máa ń rí bẹ́ẹ̀ náà."

"Ẹ ò lè gbé e lọ fún àwọn tó ń fi irun mọ ẹbí ènìyàn?" Doreen béèrè.

"Ta ni kí wọ́n fi wé? Ọmọ wo ni Oníwàásù bí?" Ó fi aṣọ dúdú náà bo ohun ọ̀ṣọ́ náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bo ẹni tó sùn. "Ẹ bá mi wá ẹ̀yìn rẹ̀, Lorna. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, mo máa fi í sáàárín gbùngbùn àpótí onígíláàsì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa. Bí mi ò bá rí i kà, tí mo wá kọ orúkọ Oníwàásù sí i, irọ́ ni mo ń pa fún àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń bọ̀. Ọjọ́rú la máa ti àpótí onígíláàsì náà pa."

Ọjọ́ Ajé lọjọ́ náà.

Òkè ni ilé àwọn Sugden wà, ọ̀nà ibẹ̀ sì ga débi pé ènìyàn gbọ́dọ̀ dúró ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó débẹ̀. Lorna dúró ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ló kúrò ní Leeds wá sílé nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣubú tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ní òun máa lò. Láti ìgbà náà, òun ló ń gbé ìyá rẹ̀ dìde, òun ló ń gbé e jókòó, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń jí bí ìyá bá pè, òun náà sì ń jí bí ìyá ò bá pè, kó lè mọ ìdí tí kò fi pè. Ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Àárẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí oorun ń wò.

Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀yìn rẹ̀ dún báyìí, kó! nígbà tó ń gbé ìyá kúrò nínú ilé ìwẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ṣubú. Odindi wákàtí méjì ni wọ́n fi dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù kí obìnrin tó ń pín lẹ́tà tó gbọ́ ohùn wọn. Ìyá ń sọ ìtàn ní gbogbo àkókò náà, ó ní òun kò rí Lorna kó jókòó gbọ́ òun tó báyìí láti ọdún mélòó kan. Dókítà sọ fún Lorna pé bó bá tún gbé e lẹ́ẹ̀kan sí i tí ẹ̀yìn náà já, ẹni méjì ló máa nílò olùtọ́jú.

Yàrá kan ti ṣí sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó wà nísàlẹ̀ àfonífojì. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí odò. Wọ́n ní àwọn máa dì í mú dé ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí tí yàrá máa ṣí. Nígbà àkọ́kọ́, ìyá ní òtútù ti pọ̀ jù láti kó lọ. Nígbà kejì, ó ní ta ni yóò máa tọ́jú ológbò. Ológbò náà ti kú báyìí. Èyí tó kù ni Oníwàásù.

"Kí ni ọmọ Harold Lumb wí?" Phyllis Sugden béèrè láti orí àga rẹ̀ kí Lorna tó bọ́ kóòtù. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ni. Ẹsẹ̀ ti kọ̀ ọ́, ojú ń kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ṣì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

"Ó ní òun fẹ́ rí ẹ̀yìn rẹ̀."

"Ẹ̀yìn ta ni?"

"Ẹ̀yìn ohun ọ̀ṣọ́ náà, Màámi."

"Bí bàbá rẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Bí o bá gbé oúnjẹ fún Harold Lumb, á kọ́kọ́ gbé abọ́ sókè wo ìdí rẹ̀ ná."

Lorna gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà kaná. Ó gé búrẹ́dì wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, torí eyín. Ó fi ṣíbí sí ìyá lọ́wọ́, ó sì di ọwọ́ náà mú títí tí kò fi gbọ̀n mọ́.

"Màámi, ṣé ẹ ti rí ẹ̀yìn rẹ̀ rí? Ẹ rántí dáadáa."

"Bó ṣe dé ọwọ́ mi nìyẹn. Ọjọ́ tí mo pé ọmọ ogún ọdún ni ìyá mi àgbà yọ ọ́ nínú agolo tíì, ó fún mi. Ó ní, 'Irun Oníwàásù ni, má fi ṣeré.' Mi ò fi ṣeré."

"Tí kò bá jẹ́ tirẹ̀ ńkọ́?"

Phyllis gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ta lo fẹ́ kó jẹ́?"

"Mo kàn ń béèrè ni. Ẹ ti sọ pé ẹ máa bá mi lọ lọ́jọ́ Ẹtì."

"Mo ní tí Oníwàásù bá ti wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kí n wá fi í sílẹ̀ nínú ilé òfìfo, kí àwọn tó máa ra ilé wá kó o dànù pẹ̀lú agolo? Ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mo fi tọ́jú rẹ̀, Lorna. Ẹni tó ń tọ́jú nǹkan kì í dìde lọ bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ rí ẹni fà á lé lọ́wọ́."

Lorna fẹ́ sọ pé òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun mọ̀ ọ́n ju bí ìyá ṣe rò lọ. Dípò ìyẹn, ó mú abọ́, ó lọ fọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wá ẹ̀yìn náà láti àárọ̀ títí ọwọ́ ọ̀sán. Ó tú gbogbo dúrọ́ọ̀ inú ilé. Ó rí bọ́tìnnì tí kò lóǹkà, eyín àtọwọ́dá bàbá rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ wé, káàdì tí wọ́n fi ń gba ṣúgà nígbà ogun, àti kọ́kọ́rọ́ mẹ́fà tí kò sí ilẹ̀kùn wọn mọ́. Ó fi ọwọ́ tẹ abẹ́ agolo tíì wò bóyá ó ní ìsàlẹ̀ méjì. Ó wo inú aago, ó wo ẹ̀yìn àwòrán, ó sì gun àpótí kí ó lè wo orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀yìn rẹ̀ kìlọ̀ fún un, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Ìyá ń wò ó.

"O máa rí ara rẹ nínú ọ̀kan nínú àwọn dúrọ́ọ̀ yẹn láìpẹ́," ìyá wí.

Ó sì rí ara rẹ̀ lóòótọ́. Nínú ìwé orin àtijọ́ kan ni àpò lẹ́tà kékeré wà. Ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí i lára pé: *Lorna, irun àkọ́gé, 1961.* Lorna tú irun náà sórí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sétí fèrèsé. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán. Kò nílò awò Lumb. Ó mú ohun ọ̀ṣọ́ náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó búra èwo lèwo, kò ní lè búra.

Ó jókòó sórí ibùsùn fún ìgbà díẹ̀. Ó dá a padà sínú ìwé orin. Lẹ́yìn náà ló lọ sí ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fóònù Lumb.

"Ẹ bá mi fi í sínú àpótí náà fún ọjọ́ kan péré," ó wí jẹ́jẹ́. "Kí ẹ má kọ nǹkan kan sí i. Kí màmá wulẹ̀ rí i níbẹ̀. Bó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa wá mú un."

"Ẹni tó bá dúró síwájú àpótí náà, ó ń dúró síwájú ọ̀rọ̀ mi ni, Lorna. Ẹni mẹ́wàá ni mo ti sọ òótọ́ fún lójú. Doreen ò tíì dárí jì mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pa tiyín mọ́?"

"Ó ti rẹ̀ mí, Ọ̀gbẹ́ni Lumb."

"Mo mọ̀," ó wí. Ó sì jọ pé ó mọ̀. "Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ ọ́ fúnra mi. Bóyá á bínú sí mi dípò yín."

Ní Ọjọ́rú, takisí gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Òjò ti dá. Doreen dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kéèkì aláta-ilẹ̀ nínú bébà, ó sì bá Lorna ti àga onítáyà tí Phyllis jókòó sí gba orí pákó tí wọ́n gbé lé àtẹ̀gùn.

"Ẹ ti fúyẹ́ o, Ìyá Sugden," Doreen wí.

"Ìwọ ò fúyẹ́," Phyllis dá a lóhùn. "Irun ẹṣin rẹ dà?"

"Mo ti dá a padà fún ẹṣin."

Phyllis rẹ́rìn-ín. Ó dé fìlà rẹ̀ tó dára jù, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ohun ọ̀ṣọ́ náà mú lórí itan. Àpótí onígíláàsì náà wà lábẹ́ pẹpẹ, wọ́n ti to Bíbélì Oníwàásù sínú rẹ̀, àti gíláàsì ojú rẹ̀, àti bàtà rẹ̀ kan. Aṣọ pupa kékeré kan wà láàárín wọn tí ohunkóhun kò sí lórí rẹ̀.

"Ibẹ̀ yẹn ni, àbí?" Phyllis wí. "Ó dára. Á máa wo ìta."

Clifford Lumb wá, ó fa àga, ó jókòó síwájú rẹ̀ kí ojú wọn lè dọ́gba. "Màmá, mi ò lè fi í síbẹ̀."

Ó ṣàlàyé fún un bó ṣe ṣàlàyé fún Lorna: funfun, irun tẹ́ẹ́rẹ́, Oníwàásù tàbí ọmọdé, ẹ̀yìn tí kò sí. Kò yára, kò sì fi oyin sí i. Phyllis ń gbọ́. Lorna wo ẹ̀gbẹ́ ojú ìyá rẹ̀, ó rí i tí àgbọ̀n rẹ̀ le. Ó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí kí ìyá tó lanu.

"Ìyá mi àgbà kì í purọ́," Phyllis wí.

"Mi ò ní ó purọ́, Màmá. Ó lè jẹ́ pé wọ́n sọ fún òun náà ni."

"Mo gbọ́." Ó fi aṣọ wé ohun ọ̀ṣọ́ náà. "Lorna, tì mí lọ sídìí àga wa kí n jókòó díẹ̀. Lẹ́yìn náà kí a máa lọ sílé. Pe ilé arúgbó yẹn kí o sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé yàrá fún ẹlòmíràn."

Doreen ní, "Ẹ rora, Ìyá Sugden."

"Mo ń rora. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Mi ò kàn tíì rí ẹni gbà á lọ́wọ́ mi ni."

Lorna tì í. Kò jiyàn, kò sunkún. Kò sí agbára fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwọn àga gígùn ibẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́, tó ní ògiri pákó àti ilẹ̀kùn kéékèèké létí, nọ́ńbà ìdílé kọ̀ọ̀kan sì wà lára ilẹ̀kùn lórí idẹ roboto. Ti Sugden ni kẹrìnlá. Ó dá ìyá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn náà, òun fúnra rẹ̀ wọlé, ó jókòó sí ìpẹ̀kun níbi ògiri. Ó ro ọdún kẹwàá. Ó ro ilẹ̀ ilé ìwẹ̀. Ó wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àpò, ó sì fi iwájú orí rẹ̀ ti pákó.

Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó la ojú. Idẹ roboto mìíràn wà níwájú imú rẹ̀, lára pákó inú, níbi tí orí ọmọdé máa dé bó bá jókòó. Kò ní nọ́ńbà. Ó ti dán gbinrin, ojú rẹ̀ tẹ́jú bí òkúta odò. Nígbà tó wà lọ́mọdé, orí rẹ̀ ló máa ń kan nǹkan yìí nígbà ìwàásù, ó sì rò pé nọ́ńbà tó ti parẹ́ ni.

"Màámi," ó wí, "kí ni eléyìí?"

Phyllis ò wẹ̀yìn. "Keziah nìyẹn."

"Ta ni Keziah?"

"Mo bá a láyé ni? Ọmọ ìdílé wa kan ni. Lọ́dún onígbáméjì, kòtò kan ṣoṣo ni wọ́n kó àwọn òkú sí lẹ́yìn ilé ìhunṣọ. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ri òkúta sí i. Ìyá rẹ̀ wá kan orúkọ rẹ̀ mọ́ ibi tó máa ń jókòó. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣọ́ọ̀ṣì yìí ṣe, ìyá mi àgbà ní kí n má fi iyanrìn kùn ún, pé kì í ṣe idẹ bíi ti ara ilẹ̀kùn. Aṣọ rírọ̀ ni mo fi ń nù ún, ọgbọ̀n ọdún gbáko. Ojú mi ni lẹ́tà rẹ̀ ṣe parẹ́."

"Ẹ ò sọ fún mi rí."

"O ò béèrè rí. Ẹ̀yìn ohun ọ̀ṣọ́ lo béèrè."

Clifford Lumb ti ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àpótí, kò sì sáré, àmọ́ kò rìn bó ṣe máa ń rìn. Ó wọ àárín àga náà, ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ké. Ó fi ìka yí etí irin náà po. Lẹ́yìn náà ó ya bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ìwé rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí rẹ̀, ó sì mú pẹ́ńsùlù, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa á jẹ́jẹ́, lọ sókè, bọ̀ nísàlẹ̀. Bébà náà ń dúdú. Àwọn ìlà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú dúdú náà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni ń rìn bọ̀ láti inú kùrukùru.

Doreen ló kà á, torí ojú tirẹ̀ ló dára jù. "Keziah. Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án, 1849." Ó fi ìka tẹ̀lé ìlà tó kẹ́yìn. "Ọmọ ọdún mẹ́rin."

Lumb na ọwọ́ sí Phyllis. Phyllis tú aṣọ, ó fi ohun ọ̀ṣọ́ náà lé e lọ́wọ́. Ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣófo bo irin ara pákó náà. Ó jókòó lé e bí ọmọrí tó padà sórí ìkòkò rẹ̀, àlàfo kankan ò ṣẹ́ kù yípo. Irun náà wà níbẹ̀ báyìí, lábẹ́ gíláàsì, níbi tí orí ọmọ náà máa ń wà.

"Tì mí súnmọ́ ọn," Phyllis wí. Doreen tì í. Ó na ọwọ́ gba orí ògiri pákó, ó fi ìka kan kan gíláàsì náà. "Ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mo fi ń pè é ní Oníwàásù," ó wí. "Kò sì bínú."

Lumb ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Bóyá kò tíì mọ bí òun ṣe máa dìde.

"Clifford, ṣé ó lè dúró síbẹ̀ yẹn?"

"Ó lè dúró, Màmá. Mi ò ní yọ irin náà. Mo máa fi ìṣó kékeré méjì dì í mú."

"Ta ni yóò máa nù ún?"

"Èmi," Doreen wí.

"Aṣọ rírọ̀ o."

"Aṣọ rírọ̀."

"Kì í ṣe èyí tí o fi ń nu ife tíì."

"Kì í ṣe èyí tí mo fi ń nu ife tíì, Ìyá Sugden."

Phyllis yí ojú sí ọmọ rẹ̀, ó sì wò ó pẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bí ara ọmọ náà ṣe rí. "Lorna," ó wí, "aago mélòó ni wọ́n ní kí a dé ọ̀hún lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Aago mẹ́wàá," Lorna wí. Kò tíì gbé orí rẹ̀ kúrò lára pákó.